Ẹni Tó Ń Sunkún Ni Ọ̀gá Wọn

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ bá Màmá Ọ̀ṣogbo sọ̀rọ̀ ní Ìdó lọ́jọ́ náà kò jọ olè lójú ẹnikẹ́ni. Agbádá funfun ló wọ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì kí màmá bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ṣe ń kí ìyá ẹ̀. Ọdún 1982 ni. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè, èrò ń tú jáde bí èèrùn, àwọn alábàárù ń jà du ẹrù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àbúrò ìyá mi ni Màmá Ọ̀ṣogbo. Aṣọ ló ń tà, Ìdúmọ̀tà ló sì máa ń wá rà á. Owó àjọ oṣù mẹ́fà wà nínú tòbí tó sán sábẹ́ ìró méjì. Alágbádá ní Ìdúmọ̀tà lòun náà ń lọ, kí àwọn jọ rìn dé ibi tí wọ́n ti máa wọ mólúè.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi sáré kọjá níwájú wọn, tí nǹkan sì já bọ́ lápò ẹ̀. Ìdì owó ni, wọ́n fi rọ́bà dè é, ogún náírà tí àwòrán Murtala wà lára ẹ̀ ló wà lókè. Alágbádá mú un nílẹ̀, ó wọ̀tún, ó wòsì, ó ní: “Màmá, Ọlọ́run ló gbé e fún àwa méjèèjì o. Ẹ má pariwo.” Kí màmá tó mọ ohun tó máa fèsì, ọmọ náà ti padà dé. Ó ń sunkún, ó ń na ara ẹ̀ mọ́lẹ̀: owó ọ̀gá òun ló sọnù, ọ̀gá òun á ti òun mọ́lé, ta ló bá òun rí i? Màmá ṣì máa ń sọ nípa ẹkún yẹn. Ó ní òun ti lọ sí ìsìnkú tí wọn ò ti sunkún tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹnì kẹta ti yọjú, bàbá àgbà kan tó ní ẹ̀yìn wọn lòun ń rìn bọ̀. Ó bá ọmọ náà wí díẹ̀, ó tún bá a kẹ́dùn díẹ̀, ó wá dá a lábàá pé kí ó yẹ ara gbogbo wọn wò kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀. Wọ́n yẹ alágbádá wò, wọn ò bá nǹkan kan lára ẹ̀. Ó kan màmá. Òun fúnra ẹ̀ ló tú tòbí. Òun fúnra ẹ̀ ló kó owó àjọ jáde, kí wọ́n lè rí i pé kì í ṣe owó tó sọnù nìyẹn. Wọ́n kà á lójú ẹ̀, wọ́n bá a fi áńkáṣíìfù wé e, wọ́n dá a padà fún un, wọ́n tọrọ àforíjì. Ọmọ tó ń sunkún tún dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Ìdúmọ̀tà ló dé kó tó tú áńkáṣíìfù. Ìwé ìròyìn tí wọ́n gé ní ìwọ̀n owó ló wà níbẹ̀.

Ilé wa pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì tíì so pọ̀ dòní. Àwọn kan ní òògùn ni, wọ́n ti fọwọ́ kan màmá léjìká, ojú ẹ̀ sì ti yí padà kó tó mọ̀. Àwọn yòókù dákẹ́, wọn ò fẹ́ sọ èrò ọkàn wọn lójú ẹ̀. Orúkọ tí a ń pe irú olè bẹ́ẹ̀ gan-an gbè sẹ́yìn àwọn tó ní òògùn ni: gbájúẹ̀. Wọ́n gbá ọ lójú, ojú rẹ fọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nígbà tó bá máa là, wọ́n ti lọ.

Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe olè. Gbéwiri ló ń ká aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, tó sì ń gbé adìẹ tó sùn síta. Kólékólé ń wọlé lóru. Jàgùdà ń fọwọ́ bọ àpò ẹni nínú èrò. Adigunjalè kò fi ara pamọ́, ìbọn ló ń bá a sọ̀rọ̀. Gbájúẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ìwọ lo máa kó o fún un, o tún lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ tó pínyà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn tí gbájúẹ̀ jà lólè kì í fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ni wọ́n fẹ́ wí níbẹ̀? Pé ta ló fipá mú wọn?

Ìdó gan-an dà bí ibi tí wọ́n dìídì kọ́ fún iṣẹ́ yìí. Erékùṣù kékeré ni tẹ́lẹ̀, láàárín Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tta àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé ibẹ̀ ni Olófin àti àwọn èèyàn ẹ̀ wá fara pamọ́ sí nígbà tí wọ́n kúrò ní Ìsẹ̀rì, nítorí pé ibi tí omi yí ká ṣòro fún ọ̀tá láti wọ̀. Ní 1901, rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdó ti dé Ìbàdàn, afárá Carter sì ti so erékùṣù náà mọ́ Èkó. Láti ìgbà náà, ẹni tí omi ń dáàbò bò tẹ́lẹ̀ di ẹni tí gbogbo ayé ń gba iwájú ilé ẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó, ẹ wo ipò tó wà: ó ti rẹ̀ ẹ́, kò mọ̀nà, gbogbo owó tó fẹ́ ná ní Èkó ṣì wà lára ẹ̀ digbí. Tó bá ń padà lọ, ẹrù ló máa gbé, owó ti tán. Wíwọ̀lú ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Wọn kì í bá ẹni tó ń lọ ṣe nǹkan kan.

Kì í ṣe ọdún 1982 ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà ayé òyìnbó, ọ̀rọ̀ jàgùdà ti da àwọn ọlọ́pàá láàmú ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Onímọ̀ ìtàn kan, Simon Heap, kọ odindi àpilẹ̀kọ lórí jàgùdà ìlú Ìbàdàn láàárín 1930 sí 1960. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́mà ni wọ́n ń pe àwọn ọmọkùnrin tó ń dúró de àwọn atukọ̀ òyìnbó ní èbúté Èkó, tí wọ́n ń mú wọn lọ sílé ọtí àti ilé aṣẹ́wó, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ tọ̀tún-tòsì. Ọmọ tí kò jókòó ní kíláàsì rí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì atukọ̀ dáadáa ju tíṣà lọ. Ẹ̀rù àwọn ọmọ wọ̀nyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba gba Donald Faulkner ní 1941 láti máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé ìgboro.

Èmi fẹ́ràn ọkùnrin kan tó ti ṣáájú gbogbo wọn. P. Crentsil ni. Ní 1920, ó kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ó ka agbára òògùn tó wà lọ́wọ́ òun sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní òun lè lò ó fún un tó bá san owó. Ó buwọ́ lùwé náà gẹ́gẹ́ bí “Ọ̀jọ̀gbọ́n Ohun Ìyanu”. Onímọ̀ ìtàn Stephen Ellis ka lẹ́tà yẹn sí àkọ́kọ́ nínú irú lẹ́tà tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí 419. Wọ́n gbé Crentsil lọ sílé ẹjọ́, abala 419 nínú òfin ọ̀daràn sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ṣùgbọ́n adájọ́ kìlọ̀ fún un lórí ẹ̀sùn kan, ó sì dá a sílẹ̀ lórí méjì tó kù nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Bó ṣe jáde, ó ń yangàn kiri pé òògùn òun ló ṣiṣẹ́.

Ẹ rí i pé òògùn yìí wúlò fún gbogbo èèyàn. Olè ń fi fọ́nnu, ẹni tí wọ́n jà lólè sì ń fi bo ìtìjú. Bí màmá bá ní wọ́n ti fọwọ́ kan òun léjìká, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé tó tú tòbí láàárín ìgboro. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá kan tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní rélùwéè nígbà náà sọ fún bàbá mi ló yé mi jù. Bàbá náà ti rí wọn títí, ó mọ ojú wọn, ó mọ àkókò tí wọ́n ń dé sẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣe ń sọ ọ́. Ó ní mẹ́rin ni wọ́n. Alágbádá ń fa ojú èèyàn mọ́ra. Bàbá àgbà ń ṣe adájọ́. Ọ̀kan wà lókèèrè tí màmá kò rí rárá, òun ló ń ṣọ́ ọlọ́pàá, òun náà ló sì máa gba owó gidi kúrò lọ́wọ́ wọn kíá, tí wọn ò fi ní bá nǹkan kan lára àwọn tó kù bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n.

Bàbá mi ní alágbádá ló máa jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà.

Bàbá onítíkẹ́ẹ̀tì náà rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Rárá o. Ẹni tó ń sunkún ni ọ̀gá wọn. Iṣẹ́ ẹkún ló le jù.”

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń wo fíìmù àwọn olè ọlọ́pọlọ, gbólóhùn yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ irú fíìmù tí mò ń wí: èèyàn méje tàbí mẹ́jọ kó ara wọn jọ, ọ̀kan mọ kọ̀ǹpútà, ọ̀kan mọ kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan lè wa mọ́tò bí iwin, ọ̀kan rẹwà débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á gbàgbé iṣẹ́. Wọ́n á wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀, wọ́n á jáde. Àwọn èèyàn rò pé nǹkan òyìnbó ni. Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó rí kò yẹ kó ṣe àjèjì sí i.

Ẹ wo èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní Antwerp, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, ilé kan wà tí àwọn oníṣòwò dáyámọ́ńdì ń kó ọjà wọn pamọ́ sí. Yàrá ìṣúra náà wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, àjà méjì sísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn irin tó nípọn, kọ́kọ́rọ́, nọ́ńbà àṣírí, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mì, òmíràn tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, òmíràn tó ń mọ ooru ara èèyàn. Nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó jà á lólè, ọkùnrin ará Ítálì kan, Leonardo Notarbartolo láti ìlú Turin, wá gba ọ́fíìsì nínú ilé náà. Ó ní oníṣòwò dáyámọ́ńdì lòun. Ó ń san owó ilé déédéé. Ó ń kí àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó gba àpótí tirẹ̀ nínú yàrá ìṣúra, nítorí náà, ìgbà tó bá wù ú ló lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí lo wá ṣe. Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Notarbartolo kò dúró kí ògiri lanu. Ó gba yàrá nínú ògiri. (Bí ó bá jẹ́ lanlọ́ọ̀dù Surulérè ni, á ní kó mú onídùúró méjì wá, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba.) Ọ́fíìsì yẹn ni agbádá àti tẹ̀sùbáà tirẹ̀.

Ó ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tó wá ń ròyìn fún akọ̀ròyìn lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ìnagijẹ ló fi pè wọ́n. Ti ọ̀kan, bí a bá fi Yorùbá pè é, Abàmì ni. Ọ̀kan jẹ́ Ọlọ́pọlọ. Bàbá àgbà kan wà tó ń rọ kọ́kọ́rọ́, òun ni Ọba Kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kan sì ń jẹ́ Asáré, ọ̀rẹ́ Notarbartolo láti ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó wọlé, Notarbartolo sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo àpótí ẹ̀, ó sì fín ohun tí àwọn obìnrin ń fín sí irun sára ẹ̀rọ tó ń mọ ooru. Ohun tó fín bo ojú ẹ̀rọ náà bí èéfín ṣe ń bo dígí, kò sì ní rí ooru ara ẹnikẹ́ni fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo owó tí wọ́n ná sórí ẹ̀rọ yẹn, ohun tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù onírun ní Yàbá ló borí ẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ 15 sí 16 oṣù Kejì ọdún 2003, wọ́n wọlé. Nínú àpótí 189 tó wà níbẹ̀, wọ́n fọ́ èyí tó ju 100 lọ. Dáyámọ́ńdì, góòlù àti owó tí wọ́n kó lọ, àwọn tó ń ṣírò ní ó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là lọ. Kò sẹ́ni tí wọ́n pa, kò sẹ́ni tí wọ́n lù. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n tó mọ̀.

Pàǹtírí ló tú wọn fó. Wọ́n kó àpò ìdọ̀tí kan wọ mọ́tò, èrò wọn sì ni pé àwọn á sun ún ní ibòmíràn. Notarbartolo ní ọkàn Asáré kò balẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní kí àwọn dà á síbi tí àwọn wà, ló bá dà á sínú igbó kan létí ọ̀nà márosẹ̀. Ọkùnrin tó ni ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti ta gírósárì rí, ó ti fẹ̀yìn tì, nǹkan kan ṣoṣo tó sì ń bí i nínú láyé ni kí èèyàn da ìdọ̀tí síbẹ̀. Ó pe ọlọ́pàá. Ní Èkó tiwa, ta ló máa pe ọlọ́pàá nítorí ìdọ̀tí? Nínú àpò náà, wọ́n bá ìwé tó ní orúkọ ilé dáyámọ́ńdì lára, wọ́n sì bá búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran sáàárín ẹ̀, tí ẹnì kan ti jẹ dé ìdajì. Ní 2005, ilé ẹjọ́ ní kí Notarbartolo lọ fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura. Wọn ò rí púpọ̀ nínú dáyámọ́ńdì náà dòní.

Nígbà tí mo ka ibi tí Asáré da ìdọ̀tí, Ìjàpá àti Ajá ni mo rántí. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lábẹ́ òṣùpá. Àwọn méjèèjì lọ jí iṣu lóko olóko. Ajá mú ìwọ̀n tó lè gbé sá. Ìjàpá di tirẹ̀ títí ọrùn ẹ̀ fi fẹ́ já, kò lè rìn, ó ń kọrin pe Ajá padà. Ajá sá lọ. Wọ́n mú Ìjàpá, ó sì jẹ́wọ́ pé Ajá ló mú òun wá. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ajá, ó ti fi ẹyin sẹ́nu, ó dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, ó ń pọ ohun tó jọ èébì, kò sì sẹ́ni tó gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lọ sóko olè. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹkún Ajá. Gbájúẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ti Antwerp kì í ṣe gbájúẹ̀, kólékólé ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Olè òyìnbó, ní pàtàkì nínú fíìmù, kì í sọ̀rọ̀. Fíìmù Faransé kan wà tó ń jẹ́ Rififi, tí Jules Dassin ṣe ní 1955. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ góòlù nínú ẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, kò sí ọ̀rọ̀ kan, kò sí orin kan. Òógùn, èémí, irin. Ìdajì wákàtí láìsí ọ̀rọ̀ ní Ìdó? Ẹ̀ṣọ́ tiwọn jẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò sì mọ àánú, nítorí náà wọ́n ń dákẹ́ fún un. Ẹ̀ṣọ́ tiwa jẹ́ èèyàn. Òun náà ní ọmọ, òun náà mọ ohun tí ọ̀gá tó bínú lè fi ojú ọmọ ọlọ́mọ rí. Ẹnu ni kọ́kọ́rọ́ tiwa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ ní Antwerp, ọdún méjì ni Notarbartolo fi kí èèyàn káàárọ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àsìkò Ọdún Àjíǹde 2015, àwọn arúgbó kan gbẹ́ ihò sínú ògiri kankéré tó nípọn tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ní òpópónà Hatton Garden, wọ́n sì kó ohun tí iye ẹ̀ tó mílíọ̀nù 14 pọ́n-ùn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, Brian Reader, ti pé ẹni ọdún 76. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, káàdì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún arúgbó ló sì fi wọ̀ ọ́. Nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù irin kan dí wọn lọ́nà ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó sú bàbá, ó padà sílé, kò sì bá wọn lọ mọ́ ní alẹ́ kejì. Wọ́n dá a lẹ́bi bákan náà. Mi ò lè ṣàì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á.

Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí ló dé tí mi ò rẹ́rìn-ín fún àwọn mẹ́rin tó pàdé màmá ní Ìdó? Iṣẹ́ wọn kò kéré sí ti Antwerp. Wọn ò gbé ìbọn, wọn ò lu ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ète, olúkúlùkù mọ ipò ẹ̀. Bí wọ́n bá ń gba fíríìdọ̀mù nídìí iṣẹ́ yẹn bíi ti mẹ́káníìkì, ọmọ tó ń sunkún yẹn ti gba tirẹ̀ tipẹ́. Ibi tí a dúró sí láti wò wọ́n ni ìyàtọ̀. Kámẹ́rà fíìmù ń bá àwọn olè wọlé, ó ń bá wọn làágùn, a sì ń gbàdúrà kí ẹ̀ṣọ́ má jí. Ohun tí wọ́n ń fọ́ kò lójú, kò lẹ́nu: irin ni, báǹkì ni, ìṣúra ọlọ́rọ̀ kan tí a ò mọ̀ ni. Ní Ìdó, kò sí kámẹ́rà. Màmá la bá délé.

Àwọn oníṣẹ́ fíìmù mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹni tí wọ́n máa jẹ́ kí wọ́n jà lólè. Nínú Merry Men: The Real Yoruba Demons, tó jáde níbí ní 2018, ọkùnrin mẹ́rin tó rẹwà, tí aṣọ ń gún lára wọn, ń jí owó àwọn olóṣèlú onírìkíṣí, wọ́n sì ń fún àwọn tálákà. Ramsey Nouah, Jim Iyke, Falz àti AY ni wọ́n. Ta ló máa sunkún fún olóṣèlú? Àwọn ará Sípéènì tó ṣe La Casa de Papel ní 2017 tún lo ọgbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olè tiwọn wọ ilé tí ìjọba ti ń tẹ owó, wọ́n ń tẹ owó tuntun fúnra wọn, wọ́n wá ń sọ pé àwọn ò jí owó ẹnikẹ́ni. Ìlú ni wọ́n fi ń pe ara wọn, ọ̀kan ń jẹ́ Tokyo, ọ̀kan ń jẹ́ Nairobi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe ọ̀gá wọn. Crentsil ti gba oyè yẹn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú wọn.

Àwa náà ti rẹ́rìn-ín fún irú olè bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe nínú fíìmù. Láàárín 1995 sí 1998, Emmanuel Nwude àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ta pápákọ̀ òfuurufú fún Nelson Sakaguchi, ọ̀gá kan ní báǹkì Banco Noroeste ní Brazil. Pápákọ̀ náà kò sí. Wọ́n ní Àbújá ni wọ́n ti fẹ́ kọ́ ọ. Nwude ní òun ni Paul Ogwuma, tó jẹ́ gómìnà báǹkì àpapọ̀ nígbà yẹn, àwọn yòókù sì di ipò tiwọn mú. Mílíọ̀nù 242 dọ́là ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó dá mi lójú pé àwọn kan ń ka ìwé yìí báyìí tí wọ́n ń mi orí, tí wọ́n ń sọ pé “orí yìí pé o”. Mo ti gbọ́ ọ nínú dánfó, mo ti gbọ́ ọ nílé ìgẹrun. Brazil jìnnà, báǹkì kò lójú. Báǹkì náà kò gbérí mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, ó dojú dé ní 2001, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì jọ ẹnikẹ́ni tí a mọ̀. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Èkó rán Nwude lẹ́wọ̀n ọdún 25. Ní 2006, ó ti jáde.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí afárá bí wọ́n bá ká ọmọ jàgùdà mọ́ àpò ẹlòmíràn. Ẹnì kan á kígbe “Olè!”, ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á ti máa wá táyà àti bẹntiróòlù. Nítorí fóònù kan. Nígbà míràn kò tilẹ̀ ní fóònù lọ́wọ́. Àwọn tó ń lù ú yìí kan náà ni yóò délé lálẹ́, tí wọn yóò tan tẹlifíṣọ̀n, tí wọn yóò sì máa gbàdúrà kí ẹ̀ṣọ́ báǹkì má jí. Mo ti wà nínú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò lù ú, ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan.

Ìdó kò rí bó ṣe rí mọ́. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń lọ Ìbàdàn, ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tta ló ń dé láti 2021, kì í dé Ìdó. Ilé rélùwéè àtijọ́ náà ṣì dúró. Èrò ọjà àti ti ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn kò fi ibẹ̀ sílẹ̀, àwọn gbájúẹ̀ náà sì ti kó sínú fóònù, níbi tí àjèjì ti ń sọ̀ kalẹ̀ tọ̀sán-tòru láìwọ ọkọ̀ kankan.

Màmá Ọ̀ṣogbo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Surulérè ló ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo bá a nídìí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, fíìmù àwọn ará Sípéènì yẹn ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rọ ń tẹ owó, ó ń jáde bí ewé. Ó bi wọ́n pé owó ta ni.

Èyí tó dàgbà jù ní: “Màmá Àgbà, kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni.”

Màmá tún wo ọkùnrin onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n dáadáa, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Ọ̀gá wọn nìyí?”

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé ó ti sunkún?”

Wọ́n ní rárá, kò tíì sunkún.

Màmá fa ìró ẹ̀ bo ẹsẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga. “Ẹ jẹ́ ká máa wò ó lọ.”